Àmì Pupa Lára Kànga Aláìṣẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Wọ́n fún mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọwọ́ sí ìwé pé tó bá sọnù, ọrùn mi ló wà. Ìfọwọ́sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọra. Ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá irinṣẹ́ bi mí bóyá ènìyàn mẹ́ta ló ń gbé inú mi.

Ó wúwo bí áyọ́ọ̀nù. Rọ́bà dúdú bò ó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì fi okùn so ọ̀pá kékeré tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Mo gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọkùnrin náà wò mí, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì sọ ọ́ mọ́lẹ̀ gbì! Mo ké. Ó mú un, ó fi ojú rẹ̀ hàn mí. Kò sí ohun tó ṣe é.

"Kì í ṣe ẹyin," ó ní. "Dì í mú bí ohun tó fẹ́ ṣiṣẹ́."

Gbogbo kànga àdúgbò kan la máa kà, igba ó lé mẹ́wàá: bó ṣe jìn tó, ibi tí omi rẹ̀ dé, ohun tó wà nítòsí rẹ̀. A ó tún bu omi rẹ̀ sínú ìgò kékeré fún yàrá àyẹ̀wò. Òjò ò gbọdọ̀ bá wa lẹ́nu ẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, omi á gòkè, gbogbo ohun tí a bá sì wọ̀n á di irọ́. Àwa méjì péré la pín in: èmi, àti akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kan tó ga bí òpó iná, tí gbogbo ayé ń pè ní Àgéré.

Ọ̀gá, obìnrin tó ń kọ́ wa níṣẹ́ yìí, ní ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ yìí á tún ọdún kìn-ín-ní kà. Kò gbé ojú sókè nígbà tó ń sọ ọ́, síbẹ̀ mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Kànga mẹ́ta. Àgéré ṣe mẹ́sàn-án.

Mo kan ilẹ̀kùn, mo ní ẹ má bínú. Mo wọ àgbàlá, mo ní ẹ má bínú. Mo ṣí ìdérí kànga, mo ní ẹ má bínú. Bàbá Dírẹ́bà tó ń wà wá kiri jókòó sínú ọkọ̀, ó ń gbọ́ mi. Nígbà tí a ń padà, ó ní, "Ẹ-má-bínú, ta lo ṣẹ̀?" Orúkọ mi nìyẹn báyìí.

Ìbéèrè mọ́kàndínlógún ló wà nínú fọ́ọ̀mù. A kì í kọ orúkọ onílé, nọ́ńbà nìkan la ń kọ, kí àwọn aládùúgbò má baà máa fi èsì bú ara wọn. Tí a bá dáhùn tán, a ó tẹ "Fi pamọ́," ẹ̀rọ á sì kan àmì sórí máàpù níbi tí a bá wà. Mo bi Àgéré ní ẹ̀ẹ̀mejì bóyá mo ṣe é dáadáa. Lẹ́ẹ̀kẹta, ojú tì mí, mo dákẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Oòrùn yìí fẹ́ pa mí. Àwọn tó lo tábúlẹ́ẹ̀tì mi ṣáájú ti ha ọ̀rá tó bo ojú rẹ̀ yánnayànna. Tí mo bá dúró lẹ́nu kànga lọ́sàn-án, ojú ara mi ni mò ń rí nínú rẹ̀, n kì í rí ìbéèrè. Ojú náà ò sì dáa ní wíwò.

Ṣùgbọ́n lónìí mo dá ọgbọ́n kan. Mo wọn kànga, mo fi bírò kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọwọ́ mi, mo wá ibòji lọ, ibẹ̀ ni mo ti ń dáhùn ìbéèrè. Nígbà mìíràn mo máa ń wọn méjì pọ̀ kí n tó jókòó. Mọ́kànlá lónìí! Mọ́kànlá! Àgéré wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó ní mo ti di pátákó ìkọ̀wé.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo fi aṣọ sọ́ṣẹ. Ọṣẹ ti wọ́n sí i. Màmá pè, ó ní ṣé mò ń jẹun. Mo ní mò ń jẹun. Ó ní ohùn mi ò jọ ti ẹni tó ń jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo fẹ́ kọ nípa obìnrin kan kí n tó gbàgbé.

Ó ń ránṣọ ní bárándà ilé rẹ̀, kànga rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé. Ó rí mi níwájú ilé, mo dúró bí ẹni tó jẹ gbèsè.

"Wọlé jàre, kí oòrùn má ṣáná sí ẹ lórí."

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má bínú, omi la wá wò."

"Omi? Ṣé ó sọnù ni?"

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ́rìn-ín fún àwa méjèèjì. Ó nawọ́ sí tábúlẹ́ẹ̀tì. "Síléètì wo lo gbé dání yẹn?"

"Tábúlẹ́ẹ̀tì ni mà."

"Ẹ wo ayé. Àwa lo síléètì, wọ́n ní a ò lajú. Wọ́n ti tún rà á padà fún yín báyìí."

Ìyá Aránṣọ ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí kànga fún mi. Ó ní òun àti ọkọ òun ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ọkọ wà nísàlẹ̀, ó ń gbẹ́ ilẹ̀. Òun wà lókè, ó ń fi okùn fa yẹ̀pẹ̀ sókè, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀. "Ó ti lọ," ó ní. "Kànga ò lọ." Omi náà mọ́ bíi dígí.

Lẹ́yìn ògiri kúkúrú kan ni ilé Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù wà. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sìmẹ́ńtì ti sọ irun ojú rẹ̀ di funfun. Ìdérí kànga tirẹ̀ jẹ́ irin ńlá. Ó fi ọwọ́ kan gbé e fún mi, ó ní kí n ṣọ́ra, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ń yọ̀. Ṣáláńgá àwọn ayálégbé rẹ̀ sún mọ́ kànga náà, bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Mo kọ ìyẹn náà sẹ́yìn ọwọ́.

Oòrùn ti dé àtàrí. Ìyá Aránṣọ pè mí láti òdìkejì ògiri pé òun ti gbé àpótí ìjókòó sí bárándà fún mi, pé kí n wá jókòó síbẹ̀ kí n kọ ìwé mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ kànga méjèèjì: ti Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù ni 47, tirẹ̀ ni 48. Nígbà tí mò ń kọ̀wé, ó gba àpò mi, ó sì rán okùn rẹ̀ tó ti já láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. N kò bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kí n lè so okùn bàtà. Bàbá Dírẹ́bà fà sẹ́yìn. Mo gbọ́ ọ. Ohùn náà ò ní kúrò létí mi láéláé.

Bàbá bọ́ọ́lẹ̀, ó di orí mú, ó ní, "Yéè! Owó oṣù mi!" Èmi ti ń sunkún ní tèmi. Àgéré fà á jáde lábẹ́ táyà. Ojú rẹ̀ dọ̀tí, ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀, ó sì ń bi wá ní ìbéèrè keje: Ǹjẹ́ kànga náà ní ìdérí?

A fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ bí ẹni fọ abọ́. Alágídí ni a sọ ọ́ láti òní lọ. Bàbá Dírẹ́bà ní òun fẹ́ kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ṣe é ṣe orúnkún òun.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ọ̀gá wo iye tí mo ti ṣe, ó ní, "O ń gbìyànjú." Ohun tó sọ nìyẹn, kò fi nǹkan kan kún un. Mo pe Màmá kí n lè sọ fún un. Ó ní, "Ṣé o rí i?" bí ẹni pé òun ló wọn kànga.

Ọjọ́rú, 26

Èsì dé láti yàrá àyẹ̀wò. Ìgbẹ́ ti wọ inú omi kànga mẹ́sàn-án. Àmì wọn ti di pupa lórí máàpù, nọ́ńbà 47 sì wà lára wọn. Kò yà mí lẹ́nu, mo rántí ṣáláńgá yẹn. Lọ́la ni wọ́n máa fi ọ̀dà pupa sàmì sí wọn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn bíríkìlà á wá dí wọn. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n á máa tẹ̀ lé, ọ̀dọ̀ àmì pupa nìkan ló sì ń darí wọn sí.

Ó ṣe mí bákan láti rí i pé ohun tí mo kọ sẹ́yìn ọwọ́ mi lè gbé ènìyàn dìde. Mo gbéra ga díẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rántí pé mo gbéra ga.

Ọjọ́bọ̀, 27

Bàbá Dírẹ́bà ló sọ ọ́, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ó ní, "Wọ́n ti kun kànga Ìyá Aránṣọ o. Obìnrin náà ń pariwo."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ti Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù ni. Ó ní òun rí ọ̀dà náà, ó ṣì tutù.

Mo ṣí máàpù. Mo fẹ̀ ẹ́ títí òrùlé ilé fi hàn. Àmì 47 ò sí ní àgbàlá Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù. Bárándà Ìyá Aránṣọ ló wà, lórí àpótí tí mo jókòó lé, kànga tó sì sún mọ́ ọn jù ni tirẹ̀. 48 náà wà níbẹ̀, ó gun 47 lẹ́yìn.

Ibi tí a bá wà. Ibi tí a bá wà nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni.

Mo wo àwọn yòókù. Mẹ́rin pọ̀ sábẹ́ igi kan. Ọ̀kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Méjì wà lójú títì, níbi tí Bàbá Dírẹ́bà máa ń páàkì sí. Gbogbo ibòji tí mo jókòó sí láti ọjọ́ keje ló wà níbẹ̀, ó tò lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni pé wọ́n ní kí n lọ ka ibòji wá.

Mo pa máàpù náà dé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Láàárọ̀ mo ti ro ohun tí mo máa ṣe: màá yọ́ lọ, màá dúró lẹ́nu kànga méjèèjì, màá tún wọn tẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ títí ó fi dà bí ọgbọ́n.

Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ. Kò sí lórí máṣíìnì. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri kúkúrú yẹn, ó ru garawa omi, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò ju ọmọ ọdún méjì lọ sì di aṣọ rẹ̀ mú.

"O ò rí ohun tí wọ́n ṣe fún mi?" ó ní. "Ọgbọ̀n ọdún la ti ń mu omi yìí. Wọ́n ní májèlé ni. Ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù. Ó ní kí n máa pọn tòun láìgba nǹkan kan."

Ó sọ garawa kalẹ̀. Ó bu ife omi kan, ó gbé e fún ọmọ náà.

Mo já ife náà gbà. N kò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Omi dà sára mi àti sára ọmọ, ọmọ bú sẹ́kún. Ìyá Aránṣọ wò mí bí ẹni tó ya wèrè.

"Ẹ má mu ún," mo ní. "Ẹ má fún un. Ti Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù ni ò dáa. Tiyín dáa. Èmi ni mo ṣì í kọ."

Mo ṣàlàyé. Mo rò pé mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mẹta, torí ó ní kí n tún un sọ. Níkẹyìn ó jókòó sórí àpótí yẹn gan-an, ó wá ní:

"Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi síwájú, wọ́n ní kí n má pọnmi mọ́. Àpótí tí mo gbé fún ẹ, òun ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?"

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n má fi ilẹ̀ ba ṣòkòtò mi jẹ́, pé orúnkún mi ò lè nu ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ó bi mí: "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Àná ni mo mọ̀. Láti àná sí òní, wọ́n ti mu garawa mẹ́ta.

Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù ti gbọ́ ohùn wa, ó dúró lẹ́yìn ògiri. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé tòun ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó wo ṣáláńgá, ó wo kànga, ó ní, "Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀." Ó yíjú padà, ó lọ dojú garawa ilé rẹ̀ dé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Dírẹ́bà gbé mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní ó ti kúrò ní ọ́fíìsì. Mo pè é lórí fóònù. Ó tẹ́tí sí mi tán. Ó ní kí iṣẹ́ ọ̀dà dúró, kí n wá rí òun láàárọ̀ ọ̀la. Ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá. Ì bá sàn kó pariwo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta

"Àmì mélòó ló ṣìnà?"

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta mà. Mo ti yọ àwọn tó dá mi lójú kúrò."

"Ta ló mọ̀ yàtọ̀ sí ìwọ?"

"Ìyá Aránṣọ. Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù. Àti Bàbá Dírẹ́bà mà."

"Tí dírẹ́bà bá ti mọ̀, ìlú ti gbọ́." Kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí o ò sọ lọ́jọ́ tí o rí i?"

"Ẹ̀rù bà mí mà."

"Ẹ̀rù bà ẹ́ fún ọjọ́ kan. Ẹni tó mu omi ọjọ́ kan yẹn ńkọ́?"

Mo ń wo ìka ẹsẹ̀ mi. Ọ̀gá ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé tó fi kọ́ wa jáde, ó ń ṣí i láti ojú ìwé dé ojú ìwé. Ó tún un ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé mo sọ fún yín pé ẹ ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu kànga kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́?"

"N kò rántí mà."

"Kò sí níbí," ó ní. Ó pa ìwé náà dé. "Mo rò pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n."

Àgéré ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà yìí wá. N kò mọ̀ pé wọ́n pe òun náà. Ó fi ọwọ́ gbá férémù ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, èmi náà. Méjìlélógún. Ọgbọ́n rẹ̀ wù mí, mo jí i lò."

Ọ̀gá kọjú sí àwa méjèèjì. Ó ní wọ́n ti ya àwọn bíríkìlà sí iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá, àti pé sìmẹ́ńtì ò ní gbẹ tí òjò bá dé. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé kí ọjọ́ Ajé yẹn tó dé. Mo bi í bóyá mo ti fìdí rẹmi. Ó ní, "Lọ sẹ́nu kànga ná."

Ọjọ́ Ajé, 3

Mo kọ́kọ́ lọ wo ọmọ náà. Inú run ún lánàá, ó ti dá lónìí, ó sì ti ń jẹun. Mo dúró, mo wò ó bó ṣe ń jẹun títí Ìyá Aránṣọ fi bi mí bóyá mo fẹ́ gbà á lẹ́nu ni.

Mo dúró lẹ́nu kànga tirẹ̀ láti tún 48 tẹ̀. Nọ́ńbà kékeré kan wà ní igun òkè tábúlẹ́ẹ̀tì, ó ń sọ iye mítà tí ẹ̀rọ lè fi ṣìnà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ogún. Ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró kó sọ̀kalẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀ kíá, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ò jẹ́ kí n rí i. Mo tẹ orí mi wọ inú búláòsì mi bí ìjàpá.

Ìyá Aránṣọ ń wò mí láti bárándà. "Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mi ò ríran mà."

"Gbé e wá."

Ó fi téèpù wọn Alágídí ní ìbú àti òró bí ẹni fẹ́ rán kaba fún un. Ó gé aṣọ dúdú kan tó ṣẹ́kù lára kóòtù ènìyàn, ó rán an ní àpò tó ṣí ní ojú méjì, orí mi á wọlé lókè, ọwọ́ mi nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fẹ́ dúpẹ́.

"Má dúpẹ́," ó ní. "Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Mo fẹ́ kí o ríran ni."

Mo ríran. Gbogbo lẹ́tà ló mọ́ kedere nínú òkùnkùn yẹn. Mẹ́sàn-án lónìí.

Ọjọ́rú, 5

Mọ́kàndínlógún lónìí nìkan. Àgéré lọ bẹ Ìyá Aránṣọ fún aṣọ dúdú tirẹ̀. Ìyá náà ní òun máa wọn orí rẹ̀ kí aṣọ má baà kéré. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wa, wọ́n rò pé fọ́tò ni à ń yà, wọ́n ń dúró ṣánṣán.

Ní ilé kọ̀ọ̀kan mò ń sọ ìdí tí mo fi padà wá. Mo rò pé wọ́n máa bú mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló bú mi. Àwọn yòókù ń ní, "Ọmọ, kò burú, o padà wá." Ó ti rẹ ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ìkùukùu. Ooru tó ń mú kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ku mọ́kànlá.

Màmá pè. Mo ti ń fi í pa mọ́ fún un láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wá sọ ọ́ tán pátápátá. Ó ní, "O já ife lọ́wọ́ àgbàlagbà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ní, "Ó dáa."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Òjò bá wa lẹ́nu ẹ̀. Ó ku mẹ́ta. Bàbá Dírẹ́bà ní kí a padà, mo ní rárá. N kò rò pé mo ti sọ rárá fún un rí, òun náà ò rò ó, torí ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ kó tó wa ọkọ̀ lọ sẹ́nu kànga tó kàn.

Omi ò ṣe Alágídí ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan ń tẹ bọ́tìnì bí ìka. Òjò ń bá mi dáhùn ìbéèrè. Ó ní kànga kan jìn ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mítà. Ó ní ó ní ìdérí, ó tún ní kò ní. Àgéré tẹ̀ lé mi, ó na aṣọ dúdú méjèèjì lé mi lórí pẹ̀lú apá gígùn rẹ̀, omi ń ṣàn ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. A dúró títí nọ́ńbà igun òkè fi bọ́ sí méjì. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Méjìlélógún Àgéré náà pé.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Òjò ti dá. Ọ̀gá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù: "Mo ti wo gbogbo rẹ̀. Àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ." Márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fi ń yege. Mo kà á títí iná fóònù fi kú.

Ọjọ́ Ajé, 10

Wọ́n dí kànga Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù lónìí.

Àmì pupa márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ló ti bọ́ sórí kànga mìíràn. Ẹni tó kun ọ̀dà ti kọ́kọ́ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á kúrò lára kànga Ìyá Aránṣọ. Kò lọ tán. Ó ku pupa díẹ̀ bí ojú ọgbẹ́.

Ọ̀gá bíríkìlà dúró ti kànga 47, ó wo tábúlẹ́ẹ̀tì, ó wò mí. Ìtàn ti dé etí rẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé òun ni lóòótọ́? Tí mo bá ti dí i, ó ti dí nìyẹn."

Gbogbo wọn ń wò mí: Ọ̀gá, Àgéré, Ìyá Aránṣọ lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n tún un wò. Mo gbé ọwọ́ lé ẹnu kànga, ibi tó ń yọ̀, mo wọ inú aṣọ dúdú, mo dúró. Mẹ́jọ. Márùn-ún. Mẹ́rin. Ó pẹ́ ní mẹ́rin. Méjì.

"Òun ni," mo ní.

Àwọn òṣìṣẹ́ bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé búlọ́ọ̀kù sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù na ọwọ́, ó dá wọn dúró. Ó gbá búlọ́ọ̀kù kan, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní, "Iyanrìn ni wọ́n fi ṣe èyí. Tí wọ́n bá máa dí kànga mi, ohun tó máa dí i á dáa." Òkúta pẹlẹbẹ ńlá kan tó fi sìmẹ́ńtì dà ti wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, irin nínú, ó ti gbẹ dáadáa. Ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ Ẹtì tí mo sọ fún un, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Ó bá kànga náà mu gẹ́lẹ́, bí ìdérí ìkòkò.

Ìyá Aránṣọ sọ̀rọ̀ láti òdìkejì ògiri: "Bàbá, ẹ ní kí àwọn ayálégbé yín máa gba ibí wá pọnmi o. Kí wọ́n má kàn fi bàtà amọ̀ wọ bárándà mi."

Ó dá a lóhùn pé òun gbọ́. Ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó fi rẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta náà yípo, ó sì rẹ́ àárín rẹ̀ títí ó fi dán. Ó fa ìṣó kan yọ lápò.

"Kí ni nọ́ńbà rẹ̀?"

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta sà."

Ó kọ ọ́ sínú sìmẹ́ńtì tútù náà, ó tóbi, ó jìn. Mo wo Ọ̀gá. Mo rò pé ó máa ní kò sí nínú ìlànà. Ó mi orí pé ó dáa. Ìyá Aránṣọ ní ṣé tòun ló máa wà láìní nọ́ńbà. Bàbá gbé ẹsẹ̀ ré ògiri kúkúrú náà kọjá pẹ̀lú ike sìmẹ́ńtì lọ́wọ́, ó rẹ́ díẹ̀ sórí ibi tí ọ̀dà pupa yẹn ò ti lọ tán, ó kọ 48 lé e lórí.

Sìmẹ́ńtì ṣì ṣẹ́kù nínú ike náà. Ó nu ìṣó mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì kọjú sí mi.

"Èwo ló kàn?"